Aago Olójú Pupa

Bí o bá fẹ́ mọ bí àwọn tó ń kó aago àtijọ́ jọ ṣe fẹ́ràn àpá tó, mú aago wọn kan, kí o fi aṣọ nù ún títí tí yóò fi máa dán. Wọn á figbe ta bí ẹni pé omi gbígbóná lo dà sí ọmọ wọn lára. Aago tí àwọn wọ̀nyí ń wá kì í ṣe aago ọ̀ṣọ́. Aago àwọn amòòkùn ni, àwọn ọkùnrin tó ń wọ aṣọ rọ́bà rì sí ìsàlẹ̀ omi láti lọ jó irin pọ̀ lábẹ́ afárá àti lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Láyé ìgbà náà, aago ọwọ́ ló ń sọ fún amòòkùn pé afẹ́fẹ́ tó gbé pọ̀n ti fẹ́ tán. Nítorí náà, bí àpá bá ti pọ̀ lára irú aago bẹ́ẹ̀ tó, tí ojú rẹ̀ sì ti pọ́n rúsúrúsú tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀ tó.

Ìyá Aláwọ mọ gbogbo èyí, nítorí òun ló ń rán bẹ́líìtì aago fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, nísàlẹ̀ ilé tí òun àti bàbá ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀ níwájú fèrèsé, àti òòlù, àti ìlu tó fi ń dá ihò sí awọ, àti òwú tó ti fi ìda pa. Òórùn awọ ti wọ ara ògiri lọ débi pé àwọn oníbàárà máa ń ní bàtà tuntun làwọn ń gbóòórùn kí àwọn tó kan ilẹ̀kùn.

Ẹni tó máa ń wá jù nínú wọn ni alága ẹgbẹ́ náà. Dókítà Eléyín ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí eyín ló ń tọ́jú. Láàárọ̀, á máa fọ eyín pípọ́n fún aláìsàn kó lè funfun. Nírọ̀lẹ́, á máa ṣìkẹ́ aago nítorí pé ojú rẹ̀ pọ́n bí eyín arúgbó. Ìyá Aláwọ ti bi í rí pé kí ló dé tí kò kúkú máa dá àwọn aláìsàn padà sílé bẹ́ẹ̀, kó sọ fún wọn pé eyín wọn ti di ohun iyebíye. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dókítà wọlé pẹ̀lú aṣọ kékeré kan tó ká bíi pé ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Ó tú u sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀ o. Olójú Pupa nìyí."

Aago amòòkùn ni. Àpá kún ara rẹ̀, ó gbó, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí òrùka tó yí ojú aago ká, èyí tí amòòkùn máa ń yí láti fi sàmì sí ìgbà tó wọ omi, ó yẹ kí àmì róbótó kan wà tó ń tàn lókùnkùn. Ní ti aago yìí, pupa ni ojú ibẹ̀, pupa tó jinlẹ̀, tó ń dán díẹ̀.

Dókítà ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi. Ó ní ó dájú pé ọ̀gá àwọn amòòkùn nìkan ni wọ́n ṣe é fún, pé àwọn ènìyàn ti ti ọ̀nà jíjìn wá láti wò ó, pé àwọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka kan pupa yẹn, nítorí ohun àtijọ́ tí wọ́n bá ti nù ti bàjẹ́. Ẹni tó ni ín ni Ọ̀gá Ibú, amòòkùn àtijọ́, tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti ìgbà tó ti wà ní tuntun. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ yóò pàtẹ aago nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, wọn yóò sì fi Ọ̀gá Ibú jẹ bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n fẹ́ kí Ìyá Aláwọ rán bẹ́líìtì sí i, irú èyí tí àwọn amòòkùn máa ń lò láyé ọjọ́un.

Ìyá Aláwọ wá àga, ó jókòó. Ó mọ pupa yẹn. Òun ló kùn ún.

Ọkọ rẹ̀ ló ni aago náà. Ẹja ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọkùnrin náà, nítorí bó ṣe mọ omi tó. Lọ́jọ́ kan ni àmì tó wà lórí òrùka aago rẹ̀ já bọ́, ó sì ku ihò. Ẹja ń ráhùn pé nínú omi dúdú, ojú òun kì í tètè rí ihò yẹn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, ó ń kun èékánná. Ó gba aago lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kán kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ àlùkò sínú ihò náà. Ó ní bó bá wọ omi, kó máa rántí ẹni tó ń kun èékánná dè é nílé. Nígbà tí ìgò àlùkò tán, ó ra pupa, ó sì kùn ún lé e lórí. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣí ló máa ń tún un kùn. Etí ibùsùn ni wọ́n ti máa ń ṣe é, tí Ẹja á sé èémí kí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ̀n, àfi bí ẹni tó ti wà nísàlẹ̀ omi.

Nígbà náà, Ọ̀gá Ibú kò tíì di ọ̀gá kankan. Òun ló máa ń di okùn Ẹja mú lórí ọkọ̀, ẹni tó bá sì di okùn amòòkùn mú, ẹ̀mí rẹ̀ ló dì mú. Á jẹun nílé wọn, á mu omi, á fi àgbálá wọn ṣe ibi ìsinmi. "Ìyàwó wa" ló máa ń pe ìyàwó Ẹja.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Ẹja jáde nínú omi, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá Ibú dúró níwájú àwọn tó ń wádìí, ó ní Ẹja ti ta aago rẹ̀ nílé ọtí, pé ọwọ́ òfìfo ló fi wọ omi, pé òun fa okùn títí kó jáde, kò dáhùn. Ìyàwó sọ pé òun rí aago lọ́wọ́ ọkọ òun nígbà tó ń jáde nílé. Wọ́n bi í pé ṣé ènìyàn kò lè ta nǹkan lójú ọ̀nà ni. Bí wọ́n ṣe pa ìwé dé nìyẹn. Orúkọ Ẹja sì di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ etí omi. Bí ẹnì kan bá gbàgbé irinṣẹ́ sílé, wọn á ní, "Ṣé o fẹ́ ṣe bí Ẹja ni?"

Bàbá Ẹja, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tukọ̀, gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà létí ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ òun mọ́. "Ọmọ yẹn" ló máa ń wí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó sọ fún un pé irọ́ ni wọ́n ń pa, bàbá kò jiyàn, ilẹ̀ ló ń wò. Ìwòlẹ̀ yẹn ló dun ìyàwó ju ikú ọkọ rẹ̀ lọ.

Aago náà ló wà lórí tábìlì yìí. Òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Aláwọ bi í, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, pé ṣé Ọ̀gá Ibú fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun wọ̀ ọ́ láti tuntun. Dókítà ní ó ti búra fún àwọn láìmọye ìgbà.

"Mo gbọ́. Màá rán an. Ṣùgbọ́n èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi dè é mọ́ ọn lọ́wọ́, lójú gbogbo yín."

Inú Dókítà dùn. Ó ní ohun tó máa dùn ún wò nìyẹn, ẹni tó rán an tún máa dè é. Kò mọ̀ pé igi tí òun ń bá obìnrin náà wá, igi tí yóò fi dáná sun irọ́ Ọ̀gá Ibú ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó yan awọ tó nípọn jù, ó gé e gùn, ó ń rán an. Nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ìgò omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀. Ó mú un jáde, ó dá a padà, ó tún mú un jáde. Bó bá nu pupa yẹn báyìí, gbogbo iyì Ọ̀gá Ibú yóò pòórá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ó rò ó dáadáa. Bí òun bá nù ún níbí, òun á di arúgbó tó ba nǹkan oníǹkan jẹ́, Ọ̀gá Ibú á sì di ẹni tí wọ́n ń bá kẹ́dùn. Olè tó wà nílẹ̀ kò ṣeé jù sílẹ̀. Àfi kó gun òkè ná. Ó ti dúró láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Títí di Sátidé kò lè pa á.

Ohùn bàbá ọkọ rẹ̀ dún láti òkè. "Ìyàwó, ṣé awọ yẹn ṣẹ̀ ọ́ ni? Bó o ṣe ń gún un, mò ń gbọ́ ọ níbí."

Etí Bàbá ju etí ehoro lọ. Ojú ti ń ṣe bàìbàì, orúnkún ti ń ké, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ nísàlẹ̀, á sọ ibi tó yí sí. Òun ló máa ń sọ pé alágbàfọ̀ ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó yọ ní ìyànà òpópónà. Ìyá Aláwọ dá a lóhùn pé awọ náà le ni. Ó wù ú kó sọ, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ti sọ tẹnu tirẹ̀ rí, Bàbá sì wolẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu tó pa irọ́ náà ni yóò wá pọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún. Àwọn aago sùn sínú àpótí onígíláàsì bí ọmọ tuntun, àwọn àgbà ọkùnrin sì dorí kodò sí wọn, wọ́n ń fi àpá wọn yangàn. Ọ̀gá Ibú dé nínú kóòtù funfun. Ó ti sanra, ó ti fi nǹkan pa irùngbọ̀n láró. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ ìtàn. Ó ní nínú omi tí ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀, ojú pupa yìí ni òun máa ń wò, òun ló sì ń mú òun padà sílé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Aláwọ náà pàtẹ́wọ́, nítorí òtítọ́ ni ìtàn náà, olóhun nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Dókítà pè é síwájú. Ọ̀gá Ibú na ọwọ́ òsì sí i, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò mọ̀ ọ́n. Ewú ti bo orí obìnrin náà, awò wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ títí kò mọ ọwọ́ náà mọ́.

Ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn lọ́wọ́. Awọ náà yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, ó kù, ó tún fì wọlẹ̀ bí ahọ́n ajá tí oòrùn ń pa. Ẹ̀rín sọ.

Ọkùnrin kan láàárín èrò ní, "Màmá, ṣé ọwọ́ erin lẹ wọ̀n ni?"

"Ọwọ́ amòòkùn ni mo wọ̀n," ni Ìyá Aláwọ dáhùn. "Orí aṣọ rọ́bà ni wọ́n ń dè é sí. Àbí Ọ̀gá ò rántí?"

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n ó ti yí ẹsẹ̀ padà. Ọ̀gá Ibú náà rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló fi rín in. Ìyá Aláwọ kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ìbéèrè arúgbó. Bí ènìyàn bá fẹ́ mú adìẹ nínú àgbálá, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń tì.

"Ṣé ẹlòmíì ti wọ aago yìí rí yàtọ̀ sí yín?"

"Rárá o. Láéláé."

"Ẹ ò rà á lọ́wọ́ ẹnì kankan? Bóyá nílé ọtí?"

Ọ̀gá Ibú wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì wà lẹ́nu. "Mo ní tuntun ni mo ti wọ̀ ọ́."

"Pupa yìí ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é wá nìyẹn."

Ìyá Aláwọ kọjú sí Dókítà Eléyín. "Dókítà, ẹ bá mi gbọ́ ọ o. Lábẹ́ pupa yẹn, àlùkò ló wà. Lábẹ́ àlùkò, ihò lásán."

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti mú òwú jáde nínú báàgì rẹ̀, òwú tó ti rẹ sínú omi ìgò inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pupa náà. Ọ̀gá Ibú fa ọwọ́, ṣùgbọ́n ìka tó ti ń fa òwú nínú awọ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í tètè jọ̀wọ́ ohun tó bá dì mú. Òórùn kan gba gbogbo iwájú gbọ̀ngàn. Ọmọbìnrin kan ní ìlà àkọ́kọ́ fa imú, ó wo èékánná ara rẹ̀.

"Kútẹ́ẹ̀sì nìyẹn," ó wí.

Pupa ṣí sínú òwú. Àlùkò yọ lábẹ́ rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo ènìyàn rí i. Ìyá Aláwọ tún nù ún, àlùkò lọ, ó ku ihò. Dókítà Eléyín fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ láìfún un lábẹ́rẹ́.

Ìyá Aláwọ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyàwó yín nìyí. Ẹ ò mọ̀ mí mọ́?"

Obìnrin náà kọjú sí èrò, ó sì sọ ohun tó ní láti sọ láìpariwo. Ó ní ọkọ òun ni wọ́n ń pè ní Ẹja. Ó ní ọkùnrin yìí ló sọ pé Ẹja ta aago rẹ̀, pé ọwọ́ òfìfo ló fi wọ omi. Ó ní aago tí òun fi kútẹ́ẹ̀sì òun kùn nìyí, tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ Ẹja títí tó fi jáde nílé lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá Ibú wá sọ ibi tó ti rí i.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ etí omi rí dìde lẹ́yìn. "Ẹja wo? Ẹja tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀?" Ó rọra jókòó, ó sì bọ́ fìlà.

Ọ̀gá Ibú wá ilẹ̀kùn. Kò lè ní òun rà á, ó ti ní òun kò rà á. Kò lè ní wọ́n fún òun, ó ti ní kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká lọ sọ̀rọ̀ níta."

"Níta kọ́ lẹ ti ba orúkọ ẹ̀ jẹ́. Ibi tí èrò wà ni."

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́, bí àgùntàn tó mọ̀ pé ọ̀bẹ ti dé ọrùn. Ó ti so okùn Ẹja mọ́ irin, ó sì lọ ta dírááfù pẹ̀lú àwọn atukọ̀. Ayò náà dùn. Nígbà tó fi padà, okùn kò mì mọ́. Ó fà á sókè dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní òun nìkan, ó bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó figbe ta, nítorí amòòkùn tí kò ní aago, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló pa á. Ó ní òun fẹ́ jù ú sómi lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n pupa yẹn wu òun.

Dókítà Eléyín bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Ìyá Aláwọ láìlè wo ojú rẹ̀. Ó ní àwọn agbófinró ní láti gbọ́. Ìyá Aláwọ ní wọn á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀gá Ibú ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ohunkóhun tó bá fẹ́ lòun á ṣe.

"Dìde," ni obìnrin náà wí. "Ilé ni à ń lọ."

Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé nínú súwẹ́tà rẹ̀ tó nípọn. Ọ̀gá Ibú dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ pákó nínú kóòtù funfun, Dókítà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Ibú sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sílẹ̀: pé òun ló fi okùn sílẹ̀, pé òun ló bọ́ aago, pé irọ́ lòun pa.

Ojú Bàbá kò yí padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí.

"Mi ò gbọ́ o. Etí mi ti di."

Ìyá Aláwọ yíjú wo bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá kò wò ó.

Ọ̀gá Ibú tún un sọ sókè díẹ̀. Bàbá mi orí, ó ní ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ, kó dìde nílẹ̀. Ó dìde, ó tún un sọ. Fèrèsé kan ṣí ní òdìkejì òpópónà. Bàbá ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, kó dúró síbi fèrèsé, kó kọjú síta, bóyá òun á gbọ́. Ọ̀gá Ibú wo Ìyá Aláwọ bóyá yóò ṣíjú àánú wò ó. Ká ní ojú ògiri ló wò, ìbá sàn. Ó dúró síbi fèrèsé, ó sì pariwo rẹ̀ sí òpópónà títí ohùn rẹ̀ fi ya bí aṣọ. Àwọn ènìyàn ti jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Ọmọ ta ni o pa irọ́ mọ́?" ni Bàbá bi í.

"Ọmọ yín, sà."

"Mi ò gbọ́."

"Ọmọ yín!"

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi."

Ìyá Aláwọ gbé aago jáde, ó dè é mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Lórí apá súwẹ́tà tó nípọn náà, bẹ́líìtì tó gùn jù fún gbogbo ayé ṣe rẹ́gí.

Ọ̀gá Ibú bi wọ́n bóyá òun lè máa lọ. Bàbá ní kó máa lọ, kó máa tẹ̀ lé Dókítà lọ bá àwọn agbófinró, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, kó padà wá lọ́la. Àbúrò òun obìnrin ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, etí tirẹ̀ sì tún burú ju ti òun lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tán, Ìyá Aláwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó ṣí ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa, ó sì fa ọwọ́ arúgbó náà sórí itan rẹ̀. Bàbá sé èémí kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. Ó dẹ etí sí òpópónà.

"Wọ́n ti dé ìyànà," ó wí nígbà tó tó mí. "Ó dúró. Ó ń sunkún."

"Ṣé ó pọ̀?" ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ bi í, tí kò gbé ojú kúrò lórí ihò tó ń kùn.

Bàbá tún fi etí sílẹ̀ díẹ̀ sí i.

"Kò tíì tó," ó wí.